Bí ìjì bá ṣí òrùlé sítọ́ọ̀ yín, kí ni ẹ máa fi gba owó òfò?

Kò sí oníṣòwò kan ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó tí kò mọ àsìkò tí à ń wí yìí. Ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin, òjò kò tíì fìdí múlẹ̀, ooru ń mú gan-an, ojú ọ̀run sì máa ń ṣú láti ìlà-oòrùn. Kí òjò tó rọ̀ ni afẹ́fẹ́ líle máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Láti oṣù kẹta títí wọ oṣù karùn-ún ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì tún máa ń padà wá ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, páànù orí ilé ìkẹ́rùsí lè ti fò lọ sí àdúgbò kejì, kí òjò sì máa rọ̀ sórí kòkó, ìrẹsì, sìmẹ́ǹtì, ajílẹ̀ tàbí fúláwà tí èèyàn fi owó báńkì kó síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìjì ni ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì máa ń délẹ̀. Ẹni tí kò ní in á ní kí wọ́n bá òun fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tó ní in á gba ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ adójútòfò lọ, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé owó òun ń bọ̀. Bó bá tún pẹ́ díẹ̀, ẹ óò gbọ́ tó ń sọ lọ́jà pé olè ni gbogbo àwọn oní-ìnṣọ́ránsì, pé wọ́n mọ owó gbà, wọn kò mọ owó san. A kò sọ pé ẹjọ́ rẹ̀ kò lè jàre. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fara balẹ̀ wo ibi tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, á rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe lẹ́yìn ìjì ni ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé ló ti bà jẹ́, tàbí láàárín àwọn oṣù tí wọn kò fi kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀. Owó òfò ìjì, kí ìjì tó jà ni èèyàn ti ń gbà á.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní sítọ́ọ̀, yálà tiyín ni o tàbí ẹ háyà rẹ̀ ni, pé kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí dópin.

Ìwé iná kì í ṣe ìwé ìjì

Ìwé ìnṣọ́ránsì tó wọ́pọ̀ jù lórí ilé àti ọjà ni èyí tí wọ́n ń pè ní ìwé iná. Bó ṣe ń jẹ́ náà ló rí. Iná àti àrá tó bá sán lu ilé ló gbé, pẹ̀lú àwọn ìbúgbàù kan tí wọ́n dárúkọ sínú rẹ̀. Ìjì kò sí níbẹ̀. Omíyalé kò sí níbẹ̀. Rògbòdìyàn ìgboro kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé òun gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi wọ́n kún un, kó sì san owó tó bá a mu. "Special perils" ni àwọn oní-ìnṣọ́ránsì ń pe àfikún náà.

Ọ̀dọ̀ báńkì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tó fẹ́ yá owó láti fi ra kòkó lásìkò ìkórè, báńkì á sọ fún un pé kó lọ ṣe ìnṣọ́ránsì ọjà náà. Nítorí pé ìwé ni báńkì ń béèrè, tí owó yíyá sì ni òun ń wá, á ní kí wọ́n ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré jù fún òun. Wọ́n á fún un ní ìwé iná. Báńkì á fi í sínú fáìlì, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ṣí ojú ewé kan nínú rẹ̀ títí ọjọ́ tí ìjì yóò fi jà.

Àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ pé ọ̀nà tí àdánù ń gbà wọlé kò lóǹkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù ńlá kan ṣẹlẹ̀ nítòsí Ìlú-Àbọ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, lásìkò ìwọ́de EndSARS, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé, wọ́n sì kó ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí láwọn ìlú púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ìbúgbàù, rògbòdìyàn, ìjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé àdéhùn. Èyí tí wọn kò bá dárúkọ rẹ̀, kò sí owó fún un.

Nítorí náà, ẹ gbé ìwé yín jáde lónìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ pe ọmọ yín tàbí ẹni tí ẹ fọkàn tán kó kà á fún yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ni "storm", "tempest" tàbí "windstorm". Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kò ní ìnṣọ́ránsì ìjì. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ má tíì pa ìwé náà dé. Ẹ wo ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, wọ́n máa ń yọ ọgbà, géètì àti pátákó orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń yọ ẹrù tó wà ní ìta gbangba sílẹ̀. Ẹni tó to pákó tàbí àpò sìmẹ́ǹtì sí ìta, tàbí sábẹ́ páànù tí kò ní ògiri, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò kí wọ́n tó kọ ìwé, kó sì rí èsì wọn lákọsílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Ní Nàìjíríà, bí ẹ kò bá tíì san owó ìnṣọ́ránsì, ẹ kò tíì ní ìnṣọ́ránsì. Òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 ti sọ bẹ́ẹ̀, láti oṣù kìíní ọdún 2013 sì ni àjọ NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ti ń fọwọ́ líle mú un. Bí ìwé yín bá parí lọ́jọ́ Ẹtì, tí ìjì sì jà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ má sọ pé oníbàárà wọn láti ọdún mẹ́wàá ni yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé yín máa parí sára ògiri ọ́fíìsì yín, ẹ sì san tọdún tuntun kí ọjọ́ náà tó pé. Rìsíìtì ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni kí ẹ gbà, ẹ má gba ìlérí ẹnu lọ́wọ́ aṣojú kankan.

Ṣé ìjì ló bà á jẹ́ ni, àbí òjò?

Ìbéèrè yìí jọ eré, ṣùgbọ́n owó ńlá ló máa ń wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà, ó sì ba ìpínlẹ̀ Louisiana àti Mississippi jẹ́ gidigidi. Ọ̀pọ̀ àwọn onílé níbẹ̀ ló ní ìnṣọ́ránsì tó gbé afẹ́fẹ́ ṣùgbọ́n tí kò gbé omi tó ya wọlé. Nígbà tí ilé ti wó tán, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní omi ló wó o, àwọn onílé ní afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà nílé-ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ pé kí wọ́n tó san owó ọjà tí òjò bà jẹ́, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí òrùlé, tàbí kó fọ́ fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, kí òjò tó gba ibẹ̀ wọlé. Òjò tó gba ojú ìṣó tó ti dípẹtà wọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjì lójú wọn, wọ́n á ní àìtọ́jú ilé ni. Omi tó ṣàn láti títì tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, omíyalé ni wọ́n ń pè é, orúkọ tirẹ̀ sì tún yàtọ̀ nínú ìwé.

Ẹ̀rí mẹ́ta ló lè gbà yín nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Èkíní ni fọ́tò òrùlé yín kí ìjì tó dé. Lọ́dọọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, ẹ ní kí káfíńtà gun òkè, kó kan ìṣó tó ti tú, kó pààrọ̀ páànù tó ti jẹrà, kó sì so igi òrùlé mọ́ ògiri dáadáa. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò iṣẹ́ náà, ẹ sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí ẹ san fún un lè dín àdánù kù, rìsíìtì rẹ̀ sì máa fi hàn pé ẹ kì í ṣe aláìbìkítà.

Èkejì ni àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́. Àjọ NiMet, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ní ibùdó ní Àkúrẹ́, ó sì ní ní ìlú Oǹdó pẹ̀lú. Bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá ń bi yín pé ṣé ìjì jà lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ lè kọ̀wé sí NiMet láti béèrè ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ àti wákàtí yẹn.

Èkẹta ni àdúgbò. Ìjì wa máa ń ṣe bí ẹni tó ń yan ibi tó fẹ́ jà. Ó lè ṣí òrùlé ní Arákalẹ̀ kí ewé kan má mì ní Alágbàká. Nítorí náà, ohun tí ibùdó ojú ọjọ́ kọ sílẹ̀ lè má tó bí ìjì náà ṣe le tó ní òpópónà yín. Ẹ ya fọ́tò igi tó wó, pátákó tó ṣubú, òpó iná tó tẹ̀ àti òrùlé aládùúgbò tó ṣí. Ìyẹn ló máa jẹ́ kó hàn pé kì í ṣe sítọ́ọ̀ yín nìkan ni páànù rẹ̀ kò lágbára.

Iye tí ẹ kọ sínú ìwé lè sọ owó yín di ìdajì

Ibí yìí ló ń dun oníṣòwò jù, nítorí pé ẹni tó ti san owó rẹ̀ déédéé ló máa ń bá a. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀.

Ká ní ọjà tó wà nínú sítọ́ọ̀ yín lọ́jọ́ tí ìjì jà tó 40 mílíọ̀nù náírà, ṣùgbọ́n 20 mílíọ̀nù ni iye tí ẹ kọ sínú ìwé ìnṣọ́ránsì. Ìjì ba ọjà 6 mílíọ̀nù jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, ṣebí 6 mílíọ̀nù kò tó 20 mílíọ̀nù, kí wọ́n san gbogbo rẹ̀. Wọn kò ní san án. Ìwé á sọ pé ìdajì ọjà yín lẹ gbé lé wọn lọ́wọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì ń ru ìdajì tó kù. Nítorí náà, ìdajì òfò ni wọ́n máa san, ìyẹn 3 mílíọ̀nù. Bí ìwé náà bá tún sọ pé 200,000 náírà àkọ́kọ́ nínú òfò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀yin, 2.8 mílíọ̀nù náírà ló máa dé ọwọ́ yín lórí òfò 6 mílíọ̀nù. "Average" ni wọ́n ń pe òfin ìṣírò yìí. Ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì ilé àti ọjà, kò sì sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, bí kò ṣe pé ẹni tó ń tà á kì í sábà ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn oníkòkó ju ẹlòmíràn lọ. Láyé ìgbà tí Cocoa Board wà, ìjọba ló ń dá iye owó kòkó fún sáà kọ̀ọ̀kan, iye àpò kòkó tó wà ní sítọ́ọ̀ kì í sì í yí padà ní òru ọjọ́ kan. Ní ọdún 1986 ni wọ́n tú àjọ náà ká, láti ìgbà náà sì ni iye kòkó ti ń tẹ̀ lé ọjà àgbáyé. Ní ọdún 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là ní ọjà New York. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó kọjá 10,000 dọ́là. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó kọjá 12,000. Ní ọdún 2025, ó tún já wálẹ̀ gan-an. Náírà tiwa náà kò dúró sójú kan. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì tẹ́lẹ̀ kọjá 1,400 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ní 200 àpò kòkó ní sítọ́ọ̀ ní Yábàá ní ìlú Oǹdó, tó sì ń fi iye ọdún 2022 ṣe ìwé ìnṣọ́ránsì ní ọdún 2024, kò gbé ìdá mẹ́rin ọjà rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ adójútòfò lọ́wọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ní ojú kejì. Bí iye ọjà bá wálẹ̀ tí ẹ kò yí ìwé yín padà, owó ìnṣọ́ránsì tó pọ̀ jù lẹ ó máa san, ṣùgbọ́n iye tí ọjà náà tó lọ́jọ́ ìjì ni wọ́n máa fi ṣírò òfò yín. Wọn kì í sanwó kí èèyàn jèrè nínú àdánù.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ìwé ìnṣọ́ránsì kan wà fún ẹni tí ọjà rẹ̀ máa ń pọ̀ lásìkò kan tó sì máa ń dín kù lásìkò mìíràn. "Stock declaration" ni wọ́n ń pè é. Iye tó ga jù tí ọjà yín lè dé ni ẹ máa kọ síbẹ̀, ẹ ó sì máa fi iye tó wà ní sítọ́ọ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù, kí wọ́n lè fi ṣe àtúnṣe owó ìnṣọ́ránsì yín nígbà tí ọdún bá parí. Bí tiyín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè pé ọjà ti pọ̀ sí i, ẹ sì san àfikún.

Ilé náà kò gbẹ́yìn. Páànù, igi àti owó káfíńtà ti gbówó lórí gan-an. Bí ìwé yín kò bá sọ pé wọ́n á tún ilé náà ṣe bíi tuntun, iye òrùlé tó ti lo ọdún 15 ni wọ́n máa san, wọn kò ní san iye òrùlé tuntun. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ náà, "reinstatement", kí ẹ sì mọ iye tó máa fi kún owó yín.

Ta ló ni ilé, ta ló ni ẹrù?

Ọ̀pọ̀ sítọ́ọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìléṣà ní Àkúrẹ́ àti ní àyíká Sábó ní Oǹdó, ayálégbé ló wà níbẹ̀. Òrùlé jẹ́ ti onílé, ọjà jẹ́ ti ayálégbé. Ìnṣọ́ránsì onílé kò gbé ìrẹsì ayálégbé, ti ayálégbé kò sì gbé páànù onílé àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìwé ilé tí ẹ gbà, ẹ mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ tún òrùlé ṣe, ẹ sì mọ̀ bóyá ẹ ṣì máa san owó ilé nígbà tí òrùlé kò sí.

Ẹrù oníbàárà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbẹ̀ kan lè kó àpò kòkó mẹ́wàá sí sítọ́ọ̀ yín pé kí ẹ bá òun tọ́jú rẹ̀ títí owó yóò fi gbéra. Tiyín kọ́ ni. Bí ìwé yín kò bá sọ pé ó gbé ẹrù tó wà ní ìkáwọ́ yín, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti san án, àgbẹ̀ náà kò sì ní gbọ́ àlàyé. Bí báńkì bá sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé nítorí owó tí ẹ yá, ọ̀dọ̀ báńkì ni sọ̀wédowó máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ má lọ fi owó náà dá ẹnikẹ́ni lọ́jọ́.

Ọjọ́ tí ìjì bá jà

Ẹ̀mí làkọ́kọ́. Bí wáyà iná bá já sórí páànù tàbí sínú omi, ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé títí àwọn BEDC yóò fi pa iná.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò. Ẹ yà á láti ìta, láti inú, láti ibi tí òrùlé ti ṣí, àti ibi tí omi ti ń kán sórí ẹrù. Ẹ ka àpò tó tutù àti èyí tí kò tutù, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹni méjì.

Ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn ti gbà á, tàbí kí ẹ fi í-meèlì ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ búrókà ló bá yín ṣe ìwé náà, ẹ sọ fún òun náà, nítorí ara iṣẹ́ tó ń gbowó lé lórí ni pé kó bá yín tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òfò. Iye ọjọ́ tí ẹ ní láti kó gbogbo ìwé ẹ̀rí wá wà nínú ìwé àdéhùn yín. Ẹ wò ó, ẹ má jẹ́ kó kọjá.

Ẹ dáàbò bo ohun tó kù. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, owó wọn á pọ̀. Irọ́ ni. Ìwé sọ pé kí ẹ ṣe bí ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì. Ẹ fi tapólì bo òrùlé, ẹ kó ọjà tó gbẹ lọ síbòmíràn, ẹ sá kòkó tó tutù. Omi inú kòkó tó gbẹ dáadáa kì í ju nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí òjò bá ti wọ inú àpò rẹ̀ tí ẹ sì tò ó jọ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tó máa bu, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ gba rìsíìtì tapólì, ti alábàárù àti ti ọkọ̀ tó kó ẹrù, kí ẹ fi kún ohun tí ẹ ń béèrè.

Ẹ má da ọjà tó bà jẹ́ nù. Sìmẹ́ǹtì tó ti dì, fúláwà tó ti di lẹ̀pa, ẹ tò ó sọ́tọ̀ títí àwọn tó fẹ́ wò ó yóò fi dé. Bó bá ń rùn tàbí tó lè ṣe èèyàn ní ìjàǹbá, ẹ gba àṣẹ lákọsílẹ̀ kí ẹ tó dà á nù.

Ẹni tó ń díwọ̀n òfò

Bí òfò bá tóbi, ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń rán ẹni tí wọ́n ń pè ní "loss adjuster" wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ohun tó fa òfò, bóyá ìwé yín gbé e, àti iye tó jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó fún un, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ọ̀tá yín. Ẹ bá a rìn yíká, ẹ sọ òtítọ́, ẹ má ṣe sọ òfò di ńlá. Bí wọ́n bá ká irọ́ kan mọ́ yín lọ́wọ́, wọ́n lè fagi lé gbogbo ohun tí ẹ béèrè, títí kan èyí tó jẹ́ òtítọ́.

Ohun tó máa béèrè ni rìsíìtì tí ẹ fi ra ọjà, wébíìlì, ìwé tí ẹ ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sí, àkọsílẹ̀ báńkì, ìwé ilé, àti iye tí káfíńtà méjì tàbí mẹ́ta sọ pé àwọn á gbà láti tún òrùlé ṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń kúnlẹ̀. Orí ni ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣe ìwé ọjà. Ẹni tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ tábìlì sítọ́ọ̀ kan náà ló ń kó o sí, kí òjò lè rí òun náà tutù. Ní alaalẹ́ Sátidé, ẹ fi fóònù ya ojú ìwé ọ̀sẹ̀ náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ yín tó wà nílé. Kò ná yín ní ohunkóhun ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìkẹyìn

Nígbà tí ìṣírò bá parí, ilé-iṣẹ́ á mú ìwé kan wá kí ẹ fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ohun tó sábà máa ń sọ ni pé iye náà tẹ́ yín lọ́rùn, àti pé ẹ kò tún ní béèrè kọ́bọ̀ mọ́ lórí òfò náà. Ẹni tí báńkì ń lé tí sítọ́ọ̀ rẹ̀ sì ṣófo lè fi ìkánjú fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ ní kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ fún yín, kí ẹ rí iye tí wọ́n yọ nítorí "average", iye tí wọ́n yọ nítorí ọjọ́ orí òrùlé, àti iye tí wọ́n fi ọjà tó ṣẹ́kù sí. Bí ibì kan kò bá yé yín, ẹ fi han búrókà tàbí lọ́yà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé kan péré tí ẹ gbàgbé láti mú wá ti dín owó kù, tí iye náà sì lè yí padà bí ẹ bá mú un wá kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la. Òfin ọdún 2003 fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní 90 ọjọ́ láti san owó tàbí láti kọ̀wé sọ ìdí tí wọn kò fi ní san án. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìnṣọ́ránsì tuntun tó gba ipò ti ọdún 2003, ọ̀kan nínú ohun tí ìjọba sì sọ pé ó wà fún ni láti fòpin sí fífi owó òfò falẹ̀. Ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ yín kọ gbèdéke ọjọ́ tí wọ́n máa dá yín lóhùn sínú lẹ́tà. Bí wọn kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn wọn kò tọ́ lójú yín, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà wọn. Bí ìyẹn náà kò bá yanjú, ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí NAICOM l'Ábùjá, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìnṣọ́ránsì yín, lẹ́tà tí ẹ kọ lọ́jọ́ ìjì, fọ́tò àti gbogbo èsì wọn. Ẹ kò nílò láti mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ wà lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ó gba àkókò àti owó, ìwé kan náà ni adájọ́ sì máa béèrè.

Kò sí ohun tí a kọ sókè yìí tó le jù fún oníṣòwò tó ní sítọ́ọ̀ kan ṣoṣo. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ gbé ìwé yín jáde kí ẹ wo ohun mẹ́rin nínú rẹ̀: ṣé orúkọ ìjì wà níbẹ̀, ṣé iye ọjà tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti òní, ọjọ́ wo ni yóò parí, orúkọ ta ló sì wà lórí rẹ̀. Èyí tí kò bá dára níbẹ̀, ẹ lọ tún un ṣe nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́. Bí ìkùukùu bá ti ṣú, àwọn oní-ìnṣọ́ránsì kì í fẹ́ kọ ìwé tuntun mọ́.